Páwà páàkì inú kọ̀ǹpútà àlòkù: bí ó ṣe ń di orísun iná fún tábìlì oníṣẹ́, àti ewu tó rọ̀ mọ́ ọn

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe káàkiri Yábàá, Sùúrùlérè àti Mùṣin, ohun kan wà tí ojú kì í ṣàì rí ní igun yàrá: àpótí onírin kékeré kan tí kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ, tí wáyà aláràbarà ń já bọ́ lára rẹ̀ bí ìrù ẹṣin. Páwà páàkì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Òun ni ó ń gba iná ìjọba wọlé, tí ó sì ń sọ ọ́ di iná kékeré tí ara kọ̀ǹpútà lè gbà. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni páwà páàkì ń bá a kú. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí wọ́n bá jù ú sórí ààtàn.

Bẹ́ẹ̀, iná tí àpótí yìí ń mú jáde gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ń wá kiri. Rewáyà tó fẹ́ mọ̀ bóyá rédíò mọ́tò kan ń sọ̀rọ̀ kó tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní ọjà Ládípọ̀ nílò iná 12 fóòtì. Ẹni tó ń tún rédíò, fáànù kékeré àti iná LED ṣe nílò 12 tàbí 5. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yaba College of Technology, ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà láti ọdún 1947, tàbí ní Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, nílò 5 àti 3.3 fún iṣẹ́ àṣewò rẹ̀. Ojúlówó ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí wà lọ́jà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀mù lè tètè rí. Àwọn àgbà ló sì sọ pé ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gi ń náání èpo igi.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irú àpótí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé iná tó lè pa ènìyàn wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ: bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí wáyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ṣe ń tò ó, àti iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ ṣe.

IBI TÍ Ó TI ṢẸ̀ WÁ

Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà àdáni rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1981, wáàtì 63.5 péré ni páwà páàkì rẹ̀ lè mú jáde. Ní ọdún 1984 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní AT dé, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń fi pe páwà páàkì tó tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Nínú ìlànà AT, iná ìjọba gan-an ló ń gba inú súìsì iwájú kọ̀ǹpútà kọjá. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, iná wọlé. Bí ó bá tún un tẹ̀, iná kú.

Ní ọdún 1995 ni ilé iṣẹ́ Intel gbé ìlànà tuntun jáde tí wọ́n pè ní ATX, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí à ń rí lónìí. Nínú tirẹ̀, súìsì iwájú kò fọwọ́ kan iná ìjọba mọ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń pàṣẹ fún páwà páàkì pé kó jí. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò mọ̀ fi lè ki pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí fáànù rẹ̀ má yí, kí onítọ̀hún sì pinnu pé ó ti kú, kó gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kò kú. Àṣẹ ló ń dúró dè.

BÍ WỌ́N ṢE PỌ̀ TÓ BẸ́Ẹ̀ NÍ ÈKÓ

Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká kan tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Basel Action Network, gbé ìròyìn kan jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi kọ̀ǹténà 500 ló ń gúnlẹ̀ lóṣooṣù nígbà náà, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kó tó ẹ̀rọ 800. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sọ pé ohun tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà ni kò ṣeé tà tàbí tún ṣe. Ìwádìí mìíràn tí yunifásítì àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé ní ọdún 2015 àti 2016, nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló gba èbúté Èkó wọ Nàìjíríà lọ́dọọdún, pé inú àwọn mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù sí, àti pé, ó kéré tán, ìdá 19 nínú 100 wọn ni kò ṣiṣẹ́ rárá.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2007 ni wọ́n dá àjọ NESREA sílẹ̀ láti máa mójú tó òfin àyíká, ní ọdún 2011 ni ìlànà tó dá lé ohun èlò oníná nìkan sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹrù tó ti wọlé ti wọlé. Páwà páàkì kọ̀ọ̀kan tí a bá rí iṣẹ́ gidi fún ti kúrò lára èyí tí wọn yóò dáná sun kí wọ́n lè rí kọ́pà inú wáyà rẹ̀ yọ, tí èéfín olóró yóò sì gba inú ìlú kọjá.

ÀWỌ̀ WÁYÀ ÀTI ÌTUMỌ̀ WỌN

Èdè kan náà ni àwọn páwà páàkì ATX fi ń sọ̀rọ̀, àwọ̀ wáyà sì ni èdè náà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ wọ̀nyí sórí.

Dúdú: òun ni ẹsẹ̀ tí gbogbo yòókù dúró lé. Iná tó bá gba inú wáyà yòówù jáde, dúdú ni yóò gbà padà.

Pupa: 5 fóòtì.

Aláwọ̀ ìyeyè: 12 fóòtì.

Aláwọ̀ ọsàn: 3.3 fóòtì.

Elésè àlùkò: 5 fóòtì tí kì í sùn. Níwọ̀n ìgbà tí pọ́lọ́ọ̀gì bá ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná wà nínú rẹ̀, kódà bí fáànù kò bá yí.

Aláwọ̀ ewé: wáyà àṣẹ. Bí a bá fi kan dúdú, páwà páàkì yóò jí. Bí a bá yà wọ́n, yóò padà sùn.

Aláwọ̀ eérú: òun ló ń jẹ́ kí mọ́dábọ́ọ̀dù mọ̀ pé iná ti dúró déédéé. Kò ní agbára láti tan nǹkan kan.

Aláwọ̀ aró: 12 fóòtì ní ìhà òdì, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Funfun: 5 fóòtì ní ìhà òdì. Ara àwọn tó ti pẹ́ nìkan ni a ti ń rí i, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó dé lẹ́yìn.

Búráùn: wáyà tín-ínrín tó sábà máa ń bá aláwọ̀ ọsàn wọ ihò kan náà. Òun ni páwà páàkì fi ń tọ́ iná 3.3 rẹ̀ wò bóyá ó pé. Bí a bá gé e sọnù, ọ̀pọ̀ páwà páàkì ni yóò kọ̀ láti jí. Ibi tó bá wà pẹ̀lú aláwọ̀ ọsàn ni kó ti máa wà.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí o. Àwọn kọ̀ǹpútà Dell kan tí wọ́n ṣe ní òpin àwọn ọdún 1990 ní ẹnu tó jọ ti ATX, ṣùgbọ́n wọ́n to wáyà rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan tó dé lẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ Dell àti HP, kò tilẹ̀ ní ju 12 fóòtì lọ. Nítorí náà, kí á má ṣe gba ojú gbọ́. Mítà ni kó jẹ́rìí sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

SÚÌSÌ PUPA TÓ WÀ LẸ́YÌN

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ páwà páàkì ni súìsì kékeré kan wà, tó sábà máa ń pupa, tí wọ́n kọ 115 sí apá kan rẹ̀ àti 230 sí apá kejì. Amẹ́ríkà ń lo iná tó wà ní àyíká 115 sí 120 fóòtì. Nàìjíríà ń lo 230. Páwà páàkì tó bá ti Amẹ́ríkà dé lè wà lórí 115. Bí a bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, yóò bú gbàmù.

Ìdí rẹ̀ rèé. Kapásítọ̀ ńlá méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé, tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gba 200 fóòtì. Bí súìsì bá wà lórí 230, àwọn méjèèjì jọ ń pín nǹkan bíi 325 fóòtì láàárín ara wọn, ẹrù náà kò sì wúwo jù fún wọn. Bí ó bá wà lórí 115, ṣe ni wọ́n ń gba iná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè ìlọ́po méjì. Iná 230 tó bá wọlé ní irú ipò yẹn yóò gbé 325 fóòtì lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Kapásítọ̀ 200 kò lè gbé e.

Ohun tó burú jù ni àrékérekè tí àwọn kan ń dá lábẹ́ ohun tí à ń pè ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Nígbà tí iná bá lọ sílẹ̀ dé 150 fóòtì, páwà páàkì tó wà lórí 230 lè kọ̀ láti jí, nítorí láti 180 sókè ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnì kan á wá sọ pé kí wọ́n yí i sí 115. Kódà ní 150 yẹn, kapásítọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń gba nǹkan bíi 212 fóòtì, ó ti kọjá agbára rẹ̀. Bí iná bá sì pé padà lójijì, ó ti parí nìyẹn. Kí súìsì yẹn wà lórí 230, kí á sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Bí iná bá lọ sílẹ̀, kí iṣẹ́ dúró títí yóò fi gòkè.

Àwọn kan wà tí kò ní súìsì yìí rárá. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Bí ó bá jẹ́ 100 sí 240, kò sí ìṣòro. Bí ó bá jẹ́ 115 nìkan, kì í ṣe fún ìlú wa.

ÌDÍ TÍ A KÒ FI NÍ ṢÍ ÀPÓTÍ NÁÀ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń tú àpótí náà, kí wọ́n lè lu ihò sí i lára. Àwa kò dábàá bẹ́ẹ̀. Iná tó wà nínú kapásítọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Wọ́n fi resístọ̀ sí i láti máa fa iná náà gbẹ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí resístọ̀ yẹn bá ti jó, kò sí ohun tí yóò fa á mọ́. Iná 325 fóòtì tó ń lọ tààrà tó láti dá ọkàn ènìyàn dúró. Yàtọ̀ sí èyí, pẹ̀lẹ́bẹ̀ irin inú rẹ̀ tó wà fún ooru lè ní iná nínú nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

A kò sì nílò láti ṣí i. Gbogbo wáyà tí a fẹ́ lò ló ti wà níta. Lórí pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a ó ti ṣe iṣẹ́ wa, kí àpótí àti fáànù rẹ̀ wà bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi í lélẹ̀. Eruku tó bá wà nínú rẹ̀, kí á fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fọ́kánáísà fẹ́ ẹ gba ojú ihò fáànù, nígbà tí a ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná. Níwọ̀n ìgbà tí omi lè wà nínú atẹ́gùn fọ́kánáísà, kí á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí á tó tàn án.

BÍ A ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Lákọ̀ọ́kọ́, kí á gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bí ohun tó jó, kí á pa á tì. Kí á gbọ̀n ọ́n. Bí nǹkan bá ń mì nínú rẹ̀, kí á pa òun náà tì. Kí á fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ láti ojú ihò. Bí orí kapásítọ̀ bá wú tàbí tí omi ti jò lára rẹ̀, kò yẹ fún iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí á kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní wáyà ilẹ̀. Kí á fi mítà kan elésè àlùkò àti dúdú. Bí 5 fóòtì kò bá jáde, páwà páàkì náà ti kú. Bí ó bá jáde, kí á yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí á fi wáyà kúkurú so aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú ní ẹnu rẹ̀ oníhò 20 tàbí 24, kí á tún un kì. Fáànù yóò yí. Nígbà náà ni kí á wọn àwọn yòókù. Ìlànà fàyè gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sílẹ̀: pupa gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 sí 5.25, ìyeyè láàárín 11.4 sí 12.6, aláwọ̀ ọsàn láàárín 3.14 sí 3.47.

Bí fáànù bá yí díẹ̀ tó sì dúró, ó lè má jẹ́ àìsàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ láìsí ẹrù lórí wọn.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó

Ohun tí a nílò ni pátákó kan, ìdè onírin aláwọ̀ pupa àti dúdú bíi ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀, súìsì kékeré kan, resístọ̀ 10 óòmù tó lè gba 10 wáàtì, fíúùsì mọ́tò àti ilé rẹ̀, iná LED kan àti resístọ̀ 330 óòmù, irin ìjólẹ́ẹ̀dì, àti rọ́bà tí a fi ń bo ojú wáyà. Fíúùsì mọ́tò kún Ládípọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀.

Ìkíní, kí á yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí á gé ẹnu àwọn wáyà náà, kí á sì kó aláwọ̀ kan náà pọ̀ sójú kan. Wáyà kan ṣoṣo kò tó fún iná ńlá. Kí á so mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ fún ìdè kọ̀ọ̀kan. Kí dúdú pọ̀ jù gbogbo wọn lọ, nítorí òun ni gbogbo iná ń gbà padà.

Ìkejì, kí á so búráùn mọ́ aláwọ̀ ọsàn. Bí a bá rí wáyà tín-ínrín mìíràn tó bá pupa tàbí ìyeyè wọ ihò kan náà, kí á má yà wọ́n nípá.

Ìkẹta, kí á fi súìsì kékeré sí àárín aláwọ̀ ewé àti dúdú. Òun ni a ó máa fi tàn án tí a ó sì máa fi pa á.

Ìkẹrin, kí á fi resístọ̀ 10 óòmù sí àárín pupa àti dúdú. Ìlàjì áńpíà ni yóò máa fà, èyí tó jẹ́ wáàtì 2.5, ó sì tó ẹrù fún ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́ láti dúró déédéé. Resístọ̀ náà yóò gbóná. Kí á dè é mọ́ irin pẹlẹbẹ, kó jìnnà sí pátákó àti wáyà. Bí iná ìyeyè bá ṣì ń lọ sílẹ̀, gílóòbù mọ́tò 12 fóòtì oníwáàtì 21 tí a bá so mọ́ ìyeyè àti dúdú yóò sábà mú un dúró.

Ìkarùn-ún, kí á fi LED àti resístọ̀ 330 óòmù sí àárín pupa àti dúdú, kó máa jẹ́ àmì pé iná ti jí. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ aláwọ̀ eérú. Wáyà yẹn kò lágbára iṣẹ́ náà.

Ìkẹfà, tó ṣe pàtàkì jù: kí á fi fíúùsì sẹ́nu ọ̀nà iná kọ̀ọ̀kan tó ń jáde. Páwà páàkì lè mú áńpíà 10 sí 20 jáde láìka wàhálà sí. Nínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn dára. Lórí tábìlì oníṣẹ́, wáyà tín-ínrín tó bá kan ara wọn lè yọ́ kí páwà páàkì tó mọ̀ pé nǹkan ṣe. Fíúùsì áńpíà 5 yóò já kí ó tó di bẹ́ẹ̀.

Ìkeje, kí á bo gbogbo ibi tí a jó pọ̀ pẹ̀lú rọ́bà, kí á fi rọ́bà bo ojú wáyà tí a kò lò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á sì kọ fóòtì sí orí ìdè kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni kí á tó fi mítà wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí wáyà bá kan ara wọn lọ́jọ́ kan tí páwà páàkì sì pa ara rẹ̀, kò bàjẹ́. Kí á tú ohun tó kan ara wọn, kí á pa súìsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí á tún un tàn.

OHUN TÍ Ó LÈ ṢE

Yàtọ̀ sí 3.3, 5 àti 12, a lè rí òmíràn gbà. Láti ìyeyè dé pupa jẹ́ 7 fóòtì. Láti ìyeyè dé aláwọ̀ ọsàn jẹ́ 8.7, láti ìyeyè dé aláwọ̀ aró jẹ́ 24. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ aró kì í sábà ju ìlàjì áńpíà lọ, nítorí náà ohun kékeré ni 24 yẹn wà fún. Ní ti 7 àti 8.7, wáyà tí iná ń gbà padà kì í gba iná mì. Iná tí a bá lò kò gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ẹrù tó ti wà lórí pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn náà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe kò gbọ́dọ̀ fi 5 fóòtì kan ibi tí bátìrì fóònù ń wọ̀. Bátìrì fóònù kì í sábà ju nǹkan bíi 4.2 lọ bí ó bá kún. Kí ó ra bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n fi LM2596 ṣe, kó so ó mọ́ 12, kó sì fi mítà yí i dé 4 fóòtì kó tó so fóònù mọ́ ọn. Áńpíà 3 ni òpin agbára bọ́ọ̀dù yẹn.

OHUN TÍ KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Kò wà fún jíjàjí bátìrì mọ́tò tàbí ti ínfátà. Bátìrì 12 fóòtì kì í kún láìjẹ́ pé iná tó ń jàjí rẹ̀ gòkè dé nǹkan bíi 13.8 sí 14.4, èyí tí páwà páàkì kò lè dé. Bí iná ìjọba bá sì lọ nígbà tí bátìrì ṣì wà lára rẹ̀, bátìrì náà ni yóò máa ti iná padà sínú rẹ̀. Ohun tó lè jó ilé nìyẹn.

A kò gbọ́dọ̀ to méjì léra láti wá 24 fóòtì. Dúdú àwọn méjèèjì ti so mọ́ àpótí irin, àpótí sì ti so mọ́ wáyà ilẹ̀. Ní kété tí a bá to wọ́n léra, 12 àkọ́kọ́ ti kan ilẹ̀ nìyẹn. A kò sì gbọ́dọ̀ gé wáyà ilẹ̀ kúrò nítorí kí èyí lè ṣeé ṣe. Bí wáyà ilẹ̀ kò bá sí, ara àpótí náà yóò máa ta ènìyàn ṣín-ín, bí nǹkan bá sì jó nínú rẹ̀, kò ní sí ibòmíràn tí iná yóò gbà bí kò ṣe ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí á yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná. Elésè àlùkò kì í sùn, iná tó bá sì padà dé lóru pẹ̀lú agbára òjijì kì í kan ilẹ̀kùn.

ÈYÍ TÓ BÁ TI KÚ

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé jí. Èyí tó bá ti kú, wáyà, fáànù, fíúùsì àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì wúlò. Kí á má ṣe fi iná sun wáyà láti yọ kọ́pà. Ọ̀bẹ ló ń bó o. Òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi jó bọ́ọ̀dù àwọn ti àtijọ́ pọ̀, nítorí náà kí á fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ọmọdé má sì fi bọ́ọ̀dù náà ṣeré. Yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kí ọmọ iṣẹ́ ti máa jó lẹ́ẹ̀dì, kó má ṣe tẹ orí lé èéfín rẹ̀.

Ọ̀gá tó bá ní irú tábìlì yìí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdí tí ohun kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tó wà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tàn án nìkan. Ọmọ tó mọ ìdí tí súìsì pupa fi gbọ́dọ̀ wà lórí 230 kò ní yí i nígbà tí iná bá di háàfù. Ọmọ tí wọ́n kàn pàṣẹ fún lè gbàgbé.